Bí wọ́n bá ní apá ajùbọ́ọ̀lù kan “ń le díẹ̀”, kí ni wọ́n ń sọ fún wa?

Ní alẹ́ ọjọ́ kan nínú oṣù kẹfà, àbúrò mi tó wà ní Ìbàdàn fi ohùn ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp. Bí líìgì bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ ti Yúróòpù bá ti lọ sí ìsinmi, bésíbọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà ni òun àtàwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ máa ń ta tẹ́tẹ́ lé lórí. Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ yìí. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, wọ́n ní apá ọmọkùnrin yìí kàn le díẹ̀ ni, pé kò sí wàhálà. Lónìí, wọ́n ní wọ́n máa ṣe iṣẹ́ abẹ fún un, ó di ọdún tó ń bọ̀. Ṣé irọ́ ni wọ́n pa fún wa lọ́sẹ̀ tó kọjá ni, àbí àwọn náà ò mọ̀?”

Ìtòsí Baltimore ni mò ń gbé, iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ni mò ń ṣe, eré yìí sì ti wọ̀ mí lára. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í fi ohùn dá a lóhùn, àmọ́ nígbà tí mo fi sọ ọ́ dé ìṣẹ́jú kẹrin, mo rí i pé ọ̀rọ̀ náà ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ohun tó jẹ́ kí n kọ èyí sílẹ̀ nìyẹn. Èrò mi ni pé irọ́ gbuu kò pọ̀ nínú ọ̀rọ̀ ìfarapa bí àwọn èèyàn ṣe rò. Èyí tó pọ̀ níbẹ̀ ni òótọ́ tí wọ́n sọ kù. Ẹni tó bá sì fẹ́ mọ ibi tí wọ́n ti sọ ọ́ kù, kó kọ́kọ́ wo ẹni tí owó máa bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ bí wọ́n bá sọ gbogbo ẹ̀.

Fún ẹni tí kò mọ eré náà, ẹgbẹ́ 30 ló wà ní líìgì àgbà tí wọ́n ń pè ní MLB, ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan sì ń gbá ìdíje 162 láàárín nǹkan bí oṣù mẹ́fà. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ojoojúmọ́. Ajùbọ́ọ̀lù ni ẹni tó máa ń dúró lórí òkìtì kékeré láàárín pápá, tí á máa ju bọ́ọ̀lù sí ẹni tó gbé igi dání. Ìyára tí wọ́n fi ń jù ú ti wá di ohun ẹ̀rù. Ní 2008, bọ́ọ̀lù eléré sísá (“fastball”, èyí tí wọ́n ń fi gbogbo agbára jù) tí àwọn ajùbọ́ọ̀lù líìgì náà ń jù máa ń tó máìlì 91 ó lé díẹ̀ ní wákàtí kan, bí a bá kó gbogbo rẹ̀ pọ̀ tí a pín in dọ́gba. Nígbà tó fi máa di 2024, ó ti kọjá 94. Ìgúnpá ọmọ èèyàn kò sì yí padà láti 2008.

Ìgúnpá yẹn ni kí ẹ jẹ́ kí n fi bẹ̀rẹ̀, torí ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ “ó ń le díẹ̀” ti ń wá. Iṣan kan wà ní ẹ̀gbẹ́ inú ìgúnpá, kò gùn ju ìka èèyàn lọ, òun ló so eegun apá òkè mọ́ ti ìsàlẹ̀. Gbogbo ìgbà tí ajùbọ́ọ̀lù bá fi agbára ju bọ́ọ̀lù ni iṣan yìí ń fà. Tó bá já, eré tán nìyẹn tẹ́lẹ̀, àfi ìgbà tí Dókítà Frank Jobe ní Los Angeles ṣe iṣẹ́ abẹ kan fún ajùbọ́ọ̀lù ẹgbẹ́ Dodgers, Tommy John, ní 1974. Ó yọ okùn iṣan kan láti apá ọ̀tún rẹ̀, ó fi rọ́pò èyí tó já ní ìgúnpá òsì. Tommy John padà sórí pápá ní 1976, ó sì gbá bọ́ọ̀lù títí di 1989. Orúkọ rẹ̀ ni wọ́n fi ń pe iṣẹ́ abẹ náà títí dòní. Ẹni tó bá ṣe é máa ń lo ọdún kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kó tó padà.

Àwọn ẹran ara tó ń bá èèyàn di ìkúùkù gba orí iṣan yẹn kọjá. Bí iṣan náà bá ti ń rẹ̀, àwọn ẹran ara yìí ló máa ń gba ẹrù náà rù, wọ́n á sì le. Nítorí náà, tí ọmọkùnrin náà bá ní apá ìsàlẹ̀ òun ń le, kò parọ́. Ohun tó ń gbọ́ lára nìyẹn. Tí ẹgbẹ́ bá sì gbé e jáde bẹ́ẹ̀ fáwọn oníròyìn, àwọn náà kò parọ́. Ohun tó wà nísàlẹ̀, ẹ̀rọ MRI tó ń ya àwòrán inú ara nìkan ló lè fi hàn, ìgbà míì gan-an, ẹ̀rọ náà ò ní fi gbogbo rẹ̀ hàn lẹ́ẹ̀kan.

Ẹ wo Jacob deGrom, ọ̀kan lára àwọn ajùbọ́ọ̀lù tó dáa jù láyé nígbà náà. Ẹgbẹ́ Texas Rangers gbà láti san mílíọ̀nù 185 dọ́là fún un fún ọdún márùn-ún. Ní ọjọ́ 28 oṣù kẹrin 2023, ó kúrò lórí pápá láàárín ìdíje. Wọ́n ní apá ìsàlẹ̀ ń le. Lẹ́yìn náà wọ́n ní ìgúnpá wú. Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹfà, wọ́n kéde pé iṣan ti já, iṣẹ́ abẹ ló kù. Ọ̀rọ̀ mẹ́ta lórí apá kan ṣoṣo, ó sì ṣeé ṣe kí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jẹ́ òótọ́ lọ́jọ́ tí wọ́n sọ wọ́n. Àmọ́ ẹni tó bá ti ń wo eré yìí tipẹ́, ọkàn rẹ̀ ti já lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Bí èmi bá ti gbọ́ “apá ìsàlẹ̀ ń le”, ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ.

Ọ̀rọ̀ mìíràn tún wà tó máa ń tan àwọn èèyàn jẹ, èmi náà ò tètè mọ̀ ọ́n kí n tó kọ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì. Ní ọjọ́ 3 oṣù kẹfà 2023, Aaron Judge ti New York Yankees sáré mú bọ́ọ̀lù kan ní pápá Dodgers ní Los Angeles, ó sì fẹsẹ̀ gbá ìsàlẹ̀ ọgbà tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Bọ́ọ̀lù náà ò bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹgbẹ́ kéde pé àtàǹpàkò ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀ dáranjẹ̀, iṣan rẹ̀ sì rọ́. Gbogbo wa gbọ́ “rọ́”, a ní á tó ọ̀sẹ̀ kan, á tó méjì. Ó kọjá ọ̀sẹ̀ méjì. Ìgbà tó fi máa di ọjọ́ 24 oṣù náà, Judge fúnra rẹ̀ sọ fáwọn oníròyìn pé iṣan náà ya. Inú bí ọ̀pọ̀ èèyàn, wọ́n ní ẹgbẹ́ ti fi nǹkan pamọ́ fún wọn.

Ohun tó yẹ ká mọ̀ ni pé lẹ́nu àwọn dókítà, iṣan tó rọ́ àti iṣan tó ya kì í ṣe nǹkan méjì. Ìpele mẹ́ta ni rírọ́ ní: ní àkọ́kọ́, iṣan fà jù, ní ìkejì, apá kan rẹ̀ ya, ní ìkẹta, ó já pátápátá. Orúkọ kan náà ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ń jẹ́. Ẹgbẹ́ tó bá sọ pé iṣan rọ́, tí kò sọ ìpele, òótọ́ ló sọ, àmọ́ ẹni tó gbọ́ ọ ò tíì mọ nǹkan kan. Ní wọ́ọ̀dù, a ò gbọdọ̀ kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ sínú ìwé aláìsàn kí a fi sílẹ̀. Ẹni tó ń gba iṣẹ́ lọ́wọ́ wa á bi wá pé ìpele wo. Àwọn oníròyìn náà yẹ kí wọ́n máa béèrè. Judge ò padà títí di ọjọ́ 28 oṣù keje.

Ó wá kan ìwé àwọn tó farapa. Ẹni 26 ni ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan lè lò lójoojúmọ́ fún èyí tó pọ̀ jù nínú ọdún eré. Bí ọ̀kan bá farapa, wọ́n á fi orúkọ rẹ̀ sínú ìwé yìí, wọ́n á sì rí àyè pe ẹlòmíì wá. Alùbọ́ọ̀lù, ìyẹn ẹni tó ń gbé igi, gbọ́dọ̀ lo ọjọ́ 10 ó kéré tán, ajùbọ́ọ̀lù 15. Ìwé ọjọ́ 7 wà fún ẹni tó forí gbá nǹkan tí ọpọlọ rẹ̀ mì. Ti ọjọ́ 60 wà fún èyí tó le. Dókítà ẹgbẹ́ gbọ́dọ̀ kọ àìsàn náà sílẹ̀ kó fi ránṣẹ́ sí líìgì. Ẹni tó wà nínú ìwé yìí ń gba owó oṣù rẹ̀ lọ láìdín kọ́bọ̀, àwọn ọjọ́ náà sì ń kà mọ́ iye ọdún tó fi ṣiṣẹ́ ní líìgì àgbà. Kí ẹ di ọ̀rọ̀ owó oṣù yìí mú, a máa padà sí i.

Kó tó di 2017, ọjọ́ 15 ni ti gbogbo wọn. Nígbà tí wọ́n gé e sí 10 lọ́dún yẹn, àwọn ẹgbẹ́ kan rí i pé ilẹ̀kùn kan ti ṣí. Ajùbọ́ọ̀lù tó ń bẹ̀rẹ̀ ìdíje kì í jù lójoojúmọ́, ọjọ́ márùn-ún márùn-ún ni. Bí o bá fi sínú ìwé fún ọjọ́ 10, ìgbà kan péré ló máa pàdánù, wà á sì ti rí àyè fún ẹlòmíì tí ara rẹ̀ ṣì tutù. Los Angeles Dodgers, tí ajùbọ́ọ̀lù pọ̀ lọ́wọ́ wọn, lo àǹfààní yìí lọ́dún náà débi pé gbogbo líìgì ń sọ̀rọ̀ rẹ̀. Ní 2022, líìgì dá ti ajùbọ́ọ̀lù padà sí 15.

Ṣé irọ́ ni dókítà tó fọwọ́ sí irú ìwé bẹ́ẹ̀ pa? Ohun tó jẹ́ kí ọ̀rọ̀ yìí ṣòro nìyí. Mú ajùbọ́ọ̀lù èyíkéyìí nínú oṣù keje, tẹ èjìká rẹ̀, tẹ ẹ̀yìn rẹ̀, tẹ ìbàdí rẹ̀. Ibì kan á dùn ún. Kò sí ẹni tó ń ṣe iṣẹ́ yẹn lójoojúmọ́ tí ara rẹ̀ ò ní ìrora kan. Dókítà ò hùmọ̀ àìsàn náà. Ohun tí wọ́n yàn ni ọjọ́ tí wọ́n fẹ́ kà á sí àìsàn. Èmi ò gbóríyìn fún un, ṣùgbọ́n mi ò lè pè é ní irọ́ gbuu.

Ẹ jẹ́ ká yíjú sí eléré fúnra rẹ̀. Ní wọ́ọ̀dù kan tí mo ti ṣiṣẹ́, ìyá àgbàlagbà kan wà tó jẹ́ pé bí dókítà bá ti wọlé, á ní ara òun ti le koko, á tún rẹ́rìn-ín músẹ́. Bí dókítà bá ti jáde, á di irin bẹ́ẹ̀dì mú, á máa mí gùlegùle. Ilé ló ń wù ú lọ. Mo máa ń rántí ìyá yìí bí mo bá rí ajùbọ́ọ̀lù tó ń gbọn ọwọ́ rẹ̀ lẹ́yìn òkìtì, tó tún ń ju orí sẹ́yìn pé kí olùtọ́jú má wulẹ̀ jáde wá.

Noah Syndergaard ti New York Mets ṣe bẹ́ẹ̀ ní 2017. Apá rẹ̀ ń dùn ún, wọ́n yọ ọ́ kúrò nínú ìdíje tó yẹ kó jù ní ọjọ́ 27 oṣù kẹrin. Ẹgbẹ́ ní kó lọ ya àwòrán MRI, ó ní òun ò ya nǹkan kan, pé ara òun ti yá. Ọ̀gá àgbà ẹgbẹ́ náà, Sandy Alderson, ṣàlàyé fáwọn oníròyìn pé òun ò lè de èèyàn mọ́lẹ̀ kí òun tì í sínú ẹ̀rọ. Ọjọ́ 30, ó jáde lọ ju bọ́ọ̀lù sí Washington Nationals. Ìpín kejì ìdíje (mẹ́sàn-án ni ìdíje máa ń ní, àfi tó bá wọ àfikún) ni iṣan ẹ̀yìn rẹ̀ ya lábẹ́ apá. Ó di òpin oṣù kẹsàn-án kó tó tún ju bọ́ọ̀lù ní líìgì àgbà. Lọ́dọ̀ tiwa, aláìsàn ní ẹ̀tọ́ láti kọ àyẹ̀wò, Syndergaard náà ní in. Àmọ́ ẹgbẹ́ ní ẹ̀tọ́ láti sọ fún un pé kó jókòó títí yóò fi yà á, wọn ò sì lò ó. Ibẹ̀ ni mo ti dá wọn lẹ́bi.

Ìbẹ̀rù ipò ló ń fà á, ìbẹ̀rù náà sì ti pẹ́. Gbogbo ọmọ tó ń gbá eré yìí ni wọ́n ti sọ ìtàn Wally Pipp fún. Wọ́n ní orí ń fọ́ ọ lọ́jọ́ kan ní 1925, ó ní kí Yankees jẹ́ kí òun sinmi, wọ́n fi ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń jẹ́ Lou Gehrig rọ́pò rẹ̀, Gehrig ò sì kúrò níbẹ̀ mọ́ títí ó fi gbá ìdíje 2,130 tẹ̀léra. Ti Gehrig jóòótọ́. Ti orí fífọ́ yẹn ni kò dájú. Pipp ò ṣe dáadáa lásìkò náà, akọ́nimọ̀ọ́gbá sì yí òun àtàwọn míì padà lọ́jọ́ kan náà. Ìgbà tí bọ́ọ̀lù bà á lórí tó fi dé ilé ìwòsàn, oṣù keje ni, lẹ́yìn tí Gehrig ti gba ipò náà. Síbẹ̀, nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún rèé tí ìtàn yẹn ti ń kọ́ àwọn ọmọdé pé ẹni tó bá sọ pé ara ń ro òun máa pàdánù ipò rẹ̀.

Ìgbà míì tún wà tí kò sẹ́ni tó fi nǹkan kan pamọ́. Ní ọjọ́ 28 oṣù karùn-ún 2023, Anthony Rizzo ti Yankees àti Fernando Tatis Jr. ti San Diego Padres kọlu ara wọn ní béèsì àkọ́kọ́, ìyẹn ibùdó àkọ́kọ́ tí ẹni tó gbá bọ́ọ̀lù máa ń sáré dé. Wọ́n yẹ Rizzo wò, ó yege. Ó padà sórí pápá lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀. Kó tó ṣẹlẹ̀, nínú ìgbà 1,000 tó bá gbé igi, bí ìgbà 304 ló ń gba bọ́ọ̀lù rere; lẹ́yìn rẹ̀, ó já sí 172. Wọ́n ń wo bó ṣe dúró, wọ́n ń wo bó ṣe ju igi, kò sẹ́ni tó wo orí rẹ̀. Ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹjọ ni wọ́n tó mọ̀ pé ọpọlọ rẹ̀ ò tíì padà sípò láti ọjọ́ náà. Oṣù méjì. Èyí ló máa ń dùn mí jù nínú gbogbo ìtàn wọ̀nyí, torí ọpọlọ tó mì kì í wú, kì í ṣẹ̀jẹ̀, kì í fara hàn nínú àwòrán lásán.

Mo ní ká di ọ̀rọ̀ owó oṣù mú. Ní líìgì yìí, bí wọ́n bá ti bu ọwọ́ lu ìwé àdéhùn, owó náà dájú. Ní ìparí 2019, Stephen Strasburg gba àdéhùn mílíọ̀nù 245 dọ́là fún ọdún méje lọ́wọ́ Washington Nationals. Ìdíje mẹ́jọ péré ló gbá lẹ́yìn rẹ̀ kí ara tó kọ̀ fún un pátápátá. Ẹgbẹ́ ò lè ní kó má gbà á, torí iṣẹ́ wọn ló ba apá náà jẹ́. Ṣùgbọ́n ìlà kan wà nínú ọ̀pọ̀ ìwé àdéhùn: bí eléré bá ṣe ara rẹ̀ léṣe nídìí àwọn nǹkan tí ìwé kà léèwọ̀, bí alùpùpù, bí bọ́ọ̀lù alápẹ̀rẹ̀, ẹgbẹ́ lè fagi lé owó náà. Ìlà yìí ni irọ́ gidi ti ń wọlé.

Ní oṣù kẹta 2002, Jeff Kent ti San Francisco Giants dé ibi ìgbaradì ní Arizona pẹ̀lú eegun ọrùn ọwọ́ tó ṣẹ́. Ó ní òun ń fọ ọkọ̀ òun ni, ẹsẹ̀ yọ̀, òun ṣubú. Kò pẹ́ tí àwọn ìwé ìròyìn fi gbé e jáde pé àwọn èèyàn rí i níbi tó ti ń dá bírà lórí alùpùpù tó sì ṣubú. Alùpùpù wà nínú èèwọ̀ ìwé àdéhùn rẹ̀. Wọn ò fagi lé owó rẹ̀. Ó padà wá lọ́dún náà, ó gbá bọ́ọ̀lù dáadáa, Giants sì dé ìdíje àṣekágbá.

Ọdún kejì lẹ́yìn rẹ̀ ló kan Aaron Boone. Ọkùnrin yìí ni akọni Yankees ní oṣù kẹwàá 2003. Nínú ìdíje keje, èyí tó kẹ́yìn, pẹ̀lú Boston Red Sox, ó gbá bọ́ọ̀lù kọjá ọgbà ní ìpín kọkànlá, ó sì gbé ẹgbẹ́ rẹ̀ dé ìdíje àṣekágbá. Gbogbo New York ń pariwo orúkọ rẹ̀. Wọ́n bu ọwọ́ lu àdéhùn mílíọ̀nù 5.75 dọ́là fún ọdún 2004. Ní oṣù kìíní, òun àtàwọn ọ̀rẹ́ ń gbá bọ́ọ̀lù alápẹ̀rẹ̀, orúnkún rẹ̀ bá já. Ó mọ ohun tó wà nínú ìwé rẹ̀. Ó lè sọ pé òun yọ̀ ní àtẹ̀gùn ilé. Kò sí oníròyìn níbẹ̀. Ó pe ẹgbẹ́, ó sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ gan-an. Yankees lọ mú Alex Rodriguez sí ipò rẹ̀ ní oṣù kejì, wọ́n sì dá Boone sílẹ̀ kí oṣù náà tó parí. Owó tó tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́ nínú 5.75 yẹn ò tó mílíọ̀nù kan. Òtítọ́ dọ́jà, ó kùtà. Owó lọ́wọ́ là ń ra èké.

Mi ò sọ pé Yankees rú òfin. Ìwé àdéhùn fún wọn lágbára. Ohun tí mò ń sọ ni pé gbogbo eléré tó wà nínú líìgì lọ́dún náà ló rí ti Kent, wọ́n tún rí ti Boone, wọ́n sì mọ ohun tí àwọn méjèèjì fi kọ́ wọn. Ní oṣù kẹfà 2005, Clint Barmes ti Colorado Rockies, ọ̀dọ́ tó ń ṣe bẹbẹ lọ́dún àkọ́kọ́ rẹ̀, ṣẹ́ eegun tó so ọrùn mọ́ èjìká. Ó ní oúnjẹ ọjà lòun ń gbé gun àtẹ̀gùn tóun fi ṣubú. Ọjọ́ díẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀ ló jẹ́wọ́ pé ẹran àgbọ̀nrín ni, pé Todd Helton, àgbà ẹgbẹ́ náà, ló fún òun, òun ò sì fẹ́ fa orúkọ rẹ̀ wọ̀ ọ́. Ìṣubú náà jóòótọ́, àtẹ̀gùn náà jóòótọ́, ẹrù ọwọ́ rẹ̀ nìkan ló yí padà. Ní 2019, Yoenis Céspedes ti Mets ṣẹ́ ọrùn ẹsẹ̀ ní oko rẹ̀ ní Florida. Ẹgbẹ́ ní ó ṣubú burúkú. Ó di ọdún tó tẹ̀lé e kí àwọn oníròyìn tó gbọ́ pé ìmàdò wà nínú ọ̀rọ̀ náà. Nígbà tí wọ́n tún àdéhùn ṣe, owó 2020 rẹ̀ já láti mílíọ̀nù 29.5 sí 6 gẹ́gẹ́ bí ìpìlẹ̀.

Ọ̀rọ̀ tó ń lọ láàárín ẹgbẹ́ sí ẹgbẹ́ tún yàtọ̀. Kí ẹgbẹ́ kan tó fi eléré ṣe pàṣípààrọ̀, ó gbọ́dọ̀ ṣí ìwé ìtọ́jú rẹ̀ fún èyí tó fẹ́ gbà á. Ní oṣù keje 2016, San Diego Padres fi ajùbọ́ọ̀lù Drew Pomeranz ránṣẹ́ sí Boston. Boston wá rí i pé àwọn ìtọ́jú kan wà tí wọn ò fi han àwọn. Líìgì wádìí rẹ̀, wọ́n sì dá ọ̀gá àgbà Padres, A.J. Preller, dúró fún ọgbọ̀n ọjọ́ láìgbowó. Lásìkò kan náà, Padres fi Colin Rea ránṣẹ́ sí Miami Marlins; ìgbà kan péré ló ju bọ́ọ̀lù fún wọn tí ìgúnpá fi kọ iṣẹ́, Marlins sì dá a padà láàárín ọjọ́ díẹ̀ bí ẹni tó ra ọjà tó bàjẹ́. Ẹ ṣàkíyèsí ohun tí líìgì torí rẹ̀ fìyà jẹni: ẹgbẹ́ tó tan ẹgbẹ́ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ jẹ. Mi ò tíì rí i kí wọ́n dá ọ̀gá kankan dúró nítorí pé ó fi ìdajì ọ̀rọ̀ tan òǹwòran.

Níbi tí owó bá sì ti pọ̀ ju ti ẹnikẹ́ni lọ, ibẹ̀ ni òótọ́ máa ń jáde tán. Ní oṣù kejìlá 2022, San Francisco Giants gbà láti fún Carlos Correa ní mílíọ̀nù 350 dọ́là fún ọdún 13. Àyẹ̀wò ara ló kù. Àwọn dókítà wo ọrùn ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀, níbi tí wọ́n ti ṣe iṣẹ́ abẹ fún un ní 2014 nígbà tó ṣì wà ní líìgì kékeré, ọ̀rọ̀ bá dojú rú. Mets ní àwọn á gbà á ní mílíọ̀nù 315. Wọ́n wo ẹsẹ̀ kan náà, àwọn náà fà sẹ́yìn. Minnesota Twins ló gbà á níkẹyìn ní mílíọ̀nù 200 fún ọdún mẹ́fà. Ẹsẹ̀ náà kò pa á lára lórí pápá nígbà náà. Àwa tó ń wo eré ò bá má mọ̀ nípa rẹ̀ láé.

Kí ló dé tí wọn ò fi òfin de ẹgbẹ́ láti sọ gbogbo ẹ̀? Nínú NFL, bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà tí wọ́n ń fọwọ́ gbé sáré, ẹgbẹ́ gbọ́dọ̀ gbé ìròyìn ìfarapa jáde lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, ẹni tó bá fi pamọ́ á jẹ owó ìtanràn. Ní 2009, New York Jets san 75,000 dọ́là torí pé wọn ò kọ apá Brett Favre sínú ìròyìn. Bésíbọ́ọ̀lù kò ní irú ìròyìn bẹ́ẹ̀ ní ojoojúmọ́. Ìwé àwọn tó farapa nìkan ló wà. Ọ̀rọ̀ ara eléré sì jẹ́ àṣírí rẹ̀. Àdéhùn tó wà láàárín líìgì àti ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ àwọn agbábọ́ọ̀lù fi ààlà sí ohun tí ẹgbẹ́ lè gbé síta. Gẹ́gẹ́ bíi nọ́ọ̀sì, mo fara mọ́ apá yìí gidigidi. Wọn ò gbọdọ̀ tú àṣírí ara èèyàn nítorí pé ẹnì kan fi ẹgbẹ̀rún méjì náírà ta tẹ́tẹ́. Láti ìgbà tí Ilé-ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ ní Amẹ́ríkà ti ṣílẹ̀kùn tẹ́tẹ́ eré ìdárayá fún gbogbo ìpínlẹ̀ tó bá fẹ́ ní 2018, ìfẹ́ láti gbọ́ àṣírí yẹn ti pọ̀ sí i. Ẹni tó bá kọ́kọ́ mọ̀ pé ìgúnpá ń ro ẹnì kan ní ohun tó lè tà.

Ohun tí mo sọ fún àbúrò mi ni pé kó máa ya ọ̀rọ̀ sọ́tọ̀. Bí eléré bá ní “ara mi ti yá”, ìfẹ́ ọkàn rẹ̀ ló ń sọ. Bí akọ́nimọ̀ọ́gbá bá ní “ojúmọ́ kan, ìṣe kan, a ó máa wò ó”, wọn ò tíì mọ̀ ni tàbí wọn ò fẹ́ kí alátakò mọ̀. Bí wọ́n bá dárúkọ ẹran ara tàbí iṣan, tí wọ́n sọ ìpele rẹ̀, dókítà ló ń sọ̀rọ̀ níbẹ̀. Bí wọ́n bá kàn dárúkọ agbègbè kan lára, bí ìgbà tí Mets ní “ẹ̀gbẹ́ òsì” ló ń yọ Jed Lowrie lẹ́nu ní 2019, kó mọ̀ pé ilẹ̀kùn tí wọ́n tì nìyẹn. Lowrie gba àdéhùn mílíọ̀nù 20 dọ́là fún ọdún méjì. Ìdíje mẹ́sàn-án ló gbá fún wọn lápapọ̀.

Àbúrò mi tún bi mí pé nínú gbogbo wọn, ta ni mo gbà gbọ́ jù. Mo ní Boone. Láti 2018, òun ni akọ́nimọ̀ọ́gbá Yankees, ẹgbẹ́ tó dá a sílẹ̀. Lójoojúmọ́ tí ìdíje bá wà, ó máa ń jókòó síwájú àwọn oníròyìn kí ìdíje tó bẹ̀rẹ̀, á tún jókòó lẹ́yìn rẹ̀. Òun ni wọ́n ń bi nípa àtàǹpàkò Judge ní oṣù kẹfà 2023, òun náà ni wọ́n ń bi pé kí ló ṣe Rizzo tí kò rí bọ́ọ̀lù gbá mọ́. Bí wọ́n bá ti béèrè, ó máa ń ronú díẹ̀ kó tó dáhùn, á sì máa yan ọ̀rọ̀ rẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan.